Ta Ló Pè Wọ́n Wá, Ní Orúkọ Ta Sì Ni?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti di ìjà láàárín wa nínú ìpàdé, ìgbà kejì ni alága wa ní kí wọ́n tètè gbé oúnjẹ wá kí ẹnu lè dí. Nítorí náà ni a ṣe ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí oníkálukú kà á nílé rẹ̀, kí ó sì bínú sí wa ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀.

Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà ju ohun ìjà olóró sí àwọn ibùdó kan ní ìpínlẹ̀ Sókótó. Wọ́n ní àwọn agbébọn tó ń bá ẹgbẹ́ ISIS ṣe ni àwọn ń bá jà. Ìjọba Nàìjíríà fúnra rẹ̀ jáde pé àwọn mọ̀ sí i, pé àwọn lọ́wọ́ sí i, àti pé àwọn ló fún Amẹ́ríkà ní ìròyìn abẹ́lẹ̀. Títí dé ibẹ̀, ẹni tí kò ní ẹbí ní Sókótó lè sọ pé kò kan òun. Ṣùgbọ́n ìjọba tún sọ pé àfọ́kù ohun ìjà náà já bọ́ sí ibi méjì. Ọ̀kan ni Jabo ní Sókótó níbẹ̀. Èkejì ni Ọ̀fà, ní ìpínlẹ̀ Kwara, lẹ́bàá ilé ìtura kan. Ọ̀fà tiwa, ìlú ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín! Ọlọ́run yọ wá, ìjọba ní aráàlú kankan kò bá a lọ.

Nígbà tí ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀nà mẹ́ta ni a pín sí. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Wọ́n rán wa létí pé ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 yìí kan náà ni àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Èrúkù, tí wọ́n pa ènìyàn, tí wọ́n sì kó olùjọsìn 38 wọ inú igbó lọ kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í bèèrè orúkọ ẹni tó pọnmi wá. Àwọn kejì fi igbe ta pé òyìnbó tún ti dé, ilẹ̀ ni wọ́n ń wá. Àwọn kẹta, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tí a bí síhìn-ín, rẹ́rìn-ín sí gbogbo wa. Wọ́n ní òfin àgbáyé tí ẹ̀yin àgbà ń pe orúkọ rẹ̀ yẹn, ìwé lásán ni, ẹni tó bá lágbára ló ni ẹjọ́.

Ní tiwa, a kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè: ta ló pè wọ́n wá, ní orúkọ ta ló sì fi pè wọ́n?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ òfin náà bí ó ti rí, nítorí púpọ̀ nínú ariwo wa ló jẹ́ pé a kò kà á. Nínú ìwé àdéhùn tí wọ́n fi dá Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé sílẹ̀ ní ọdún 1945, abala 2, ẹsẹ 4, orílẹ̀-èdè kankan kò gbọdọ̀ fi ipá wọ ilẹ̀ ẹlòmíràn, kò sì gbọdọ̀ halẹ̀ pé òun yóò wọ̀ ọ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìhalẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump kọ ọ́ síta fún gbogbo ayé pé òun ti ní kí iléeṣẹ́ ogun òun máa múra, pé Amẹ́ríkà lè gbé ìbọn wọ Nàìjíríà. Bí a bá fi òfin wò ó, àṣìṣe ti wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn kí ohun ìjà kankan tó gbéra nílẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta péré ni òfin ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí yóò fi ogun wọ ilẹ̀ ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá kọ lù ọ́, o lè gbèjà ara rẹ. Abala 51 ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan bá fún ọ láṣẹ, o lè lọ. Ẹ̀kẹta ni pé kí onílé fúnra rẹ̀ pè ọ́. Ẹ̀kẹta yìí ni wọ́n gbà dé Sókótó. Kò ṣòro láti mọ ìdí tí òfin fi gbà á: ẹni tí onílé pè kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Trump ti halẹ̀ títí di ọjọ́ tí ohun ìjà bọ́, kò pé oṣù méjì. Bí ẹnìkan bá dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ pẹ̀lú ìbọn, tó ní òun ń bọ̀ wọlé bí o fẹ́ bí o kọ̀, tí o sì wá sọ pé 'ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó', ṣé ìpè nìyẹn? Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Vienna ní ọdún 1969, abala 52, sọ pé ìwé àdéhùn tí a fi ìhalẹ̀ ogun gbà lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè, òfo ni. A kò sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Àbújá nìyẹn. Ohun tí a ń sọ ni pé nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí ni ó fi yẹ kí ìpè náà wà lórí ìwé, kí ìwé náà sì wà níbi tí ojú aráàlú yóò ti rí i.

Kì í ṣe àwa Yorùbá ló yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí, ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì.

Ní ọdún 1845, Kòsọ́kọ́ lé Akítóyè kúrò lórí oyè ní Èkó. Akítóyè sá, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Àgbádárìgì. Láti ibẹ̀ ló ti ń ránṣẹ́ sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé bí wọ́n bá lè dá òun padà sórí àga, òun yóò fòpin sí òwò ẹrú. John Beecroft, tó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní etíkun wa nígbà náà, gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì dùn mọ́ ọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1851 wọ́n gbé ogun wá. Èkó lé wọn padà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá wọ́n tún dé pẹ̀lú ọkọ̀ ogun ojú omi, wọ́n sì yìnbọn lu ìlú náà. Àgbá dún tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Èkó fi sọ ogun náà ní Ogun Àgídìngbì, orúkọ tí a fi ń pè é títí di òní. Kòsọ́kọ́ sá lọ. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1852, Akítóyè bu ọwọ́ lu ìwé pé òwò ẹrú parí ní Èkó.

A kò ní purọ́ fún ara wa. Òwò ẹrú burú jáì, Kòsọ́kọ́ sì ń ṣe é. Àwọn ará wa ní Bàhíà àti ní Kúbà tí ìwé ìròyìn yìí ń dé ọ̀dọ̀ wọn mọ̀ ọ́n ju àwa lọ, nítorí ẹsẹ̀ baba wọn ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wọ̀. Ẹni tó bá ní kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá òwò náà dúró, kò sí lára wa. Gbogbo ohun tí a sì ń gbọ́ lónìí ló wà níbẹ̀ nígbà náà: ìdí rere wà, ọba tó pe àlejò wà, ọkọ̀ ogun àlejò náà sì wà. Ohun tí kò sí ni ìwé tó sọ ọjọ́ tí àlejò yóò padà lọ sílé rẹ̀. Nígbà tí ọdún mẹ́wàá yóò fi tó, Akítóyè ti kú, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ ló wà lórí àga. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun Prometheus nínú ọ̀sà, Dòsùnmú fi Èkó lé ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ẹni tí a pè wá lé olè ló kó kọ́kọ́rọ́ ilé sápò. Láti Èkó ni wọ́n sì ti gba ilé yòókù.

Àwọn ọ̀dọ́ wa yóò ní: ẹ ò wa rí i? Òfin kò dá wọn dúró nígbà náà, kò sì lè dá wọn dúró báyìí. Ìbéèrè gidi ni, a kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àgbà bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa wà lára èrò tó kún ìgboro Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 2003, tí a ń pariwo pé kí wọ́n má lọ jagun ní Ìráàkì. Òtútù mú wa títí dé egungun. Wọ́n lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin dìbò, 412 gbè é, 149 kọ̀ ọ́, nígbà tó sì di ọjọ́ 20, ogun ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Olórí agbẹjọ́rò ìjọba, Lord Goldsmith, kọ ìwé ìmọ̀ràn gígùn sí Tony Blair ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta. Ó ní ọ̀nà tí ewu rẹ̀ kéré jù lọ ni kí wọ́n tún gba àṣẹ mìíràn lọ́wọ́ Ìgbìmọ̀ Ààbò. Olórí àwọn ọmọ ogun, Admiral Boyce, sọ pé òun fẹ́ ìdánilójú tí kò ní kọ́lọ́fín nínú pé ogun náà bófin mu, nítorí kò fẹ́ kí ẹ̀sùn wá já lé àwọn ọmọ ogun òun lórí. Ní ọjọ́ 17, ọ̀rọ̀ kúkúrú kan jáde síta láti ọwọ́ Goldsmith kan náà, gbogbo iyèméjì ọjọ́ 7 sì ti fò lọ. Elizabeth Wilmshurst, tó jẹ́ igbákejì olùdámọ̀ràn lórí òfin ní iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ dípò kí ó fọwọ́ sí ohun tó gbà pé kò bófin mu. Ìwé gígùn ti ọjọ́ 7 náà kò dé ojútáyé àfi ní ọdún 2005. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Sir John Chilcot sì gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde ní ọdún 2016, wọ́n sọ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà dé orí pé ogun náà bófin mu kò tẹ́ni lọ́rùn rárá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọmọ wa, bí òfin bá jẹ́ ìwé lásán, kí ni wọ́n gbé e pamọ́ fún fún ọdún méjì? Ta ní ń fi ìwé tí kò wúlò sábẹ́ ẹní? Agbára òfin àgbáyé kò tó láti di ọwọ́ alágbára mú, a gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí alágbára máa wá àwáwí, kí ó máa wá agbẹjọ́rò tí yóò bá a sọ ohun tó fẹ́ gbọ́. Níbi tí ó bá sì ti ń wá àwáwí ni aráàlú ti lè dì í mú.

Ó ku ti àwa fúnra wa, ibẹ̀ ló sì korò jù. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, àwọn ẹ̀ṣọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ti orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀ tì í mọ́lé, Ọ̀gágun Tchiani sì gorí àlééfà. Ní ọjọ́ 30, àjọ ECOWAS, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú jẹ́ alága rẹ̀ nígbà náà, fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan: ẹ dá a padà sípò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a lè lo ipá. Ẹ̀yin ará, díẹ̀ nínú àwọn tó gbé pátákó pẹ̀lú wa ní ọdún 2003 ni wọ́n ń sọ nínú ìpàdé wa pé 'ẹ lọ fún wọn lẹ́gba!' A wo ojú ara wa. Abala 53 nínú ìwé àdéhùn yẹn kan náà sọ pé àjọ agbègbè kankan kò gbọdọ̀ fi ipá mú ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé Ìgbìmọ̀ Ààbò yọ̀ǹda. Ìgbìmọ̀ Ààbò kò yọ̀ǹda. Nàìjíríà pa iná mànàmáná tó ń lọ sí Nìjẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú iná wọn. Wọ́n ti ẹnubodè. Ẹni tí oògùn rẹ̀ wà lódì kejì kò bá Tchiani dìtẹ̀.

Kí ló wá dá ogun náà dúró? Abala 5 ti ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé Ààrẹ kò gbọdọ̀ rán ọmọ ogun lọ jà lẹ́yìn odi láìjẹ́ pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Bí ewu bá sì wọlé dé lójijì, kí ó wá àṣẹ wọn láàárín ọjọ́ méje tí ìjà bá bẹ̀rẹ̀. Tinúbú kọ̀wé sí wọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ, àwọn aṣòfin àgbà ní kí ó lọ bá wọn sọ̀rọ̀, kí ó má gba ọ̀nà ogun. Ìpínlẹ̀ méje ni ó bá Nìjẹ̀ pààlà, láti Kẹbbi títí dé Bọ̀rnó, àwọn tó ṣojú wọn sì mọ ẹni tí ìbọn yóò kọ́kọ́ bá. A kò sọ pé òfin nìkan ló ṣe é. Ìbẹ̀rù wà níbẹ̀, ẹbí tó wà ní ìhà méjèèjì ẹnubodè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òfin kò bá ní kí Ààrẹ bèèrè, ibo ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ì bá ti rí àyè sọ̀rọ̀?

Ẹ fi èyí wé ti Bẹ̀nẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 2025, àwọn ọmọ ogun kan bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ní Kútọnu pé àwọn ti lé Ààrẹ Patrice Talon. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba Talon ṣì wà lórí ẹsẹ̀, òun ló sì ránṣẹ́ sí Nàìjíríà fún ìrànlọ́wọ́. Ọkọ̀ òfurufú ogun wa lọ, ọmọ ogun wa tẹ̀ lé e, ìdìtẹ̀ náà sì forí ṣánpọ́n. Ní ọjọ́ 9, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fọwọ́ sí i. Onílé pè, aṣòfin gbọ́, ọjọ́ méje kò kọjá. Àwọn ará wa ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ sùn ní ilé wọn. A kò ta ko irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, bí ẹnìkan bá sì ní gbogbo ìdásí ni a kórìíra, kò gbọ́ wa yé.

A mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀ rí pẹ̀lú. Ọ̀gágun Abacha tó ti Olóyè M.K.O. Abíọ́lá mọ́lé nítorí ìbò tí aráàlú dì fún un, òun kan náà ni ọmọ ogun rẹ̀ lọ dá Ààrẹ Kabbah tí aráàlú dìbò yàn padà sípò ní Sàró ní oṣù kẹta ọdún 1998. Abíọ́lá kò jáde láàyè. Ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún yẹn ló kú. A kò mọ bí ẹnìkan ṣe lè sọ ìtàn yìí kí omi má bọ́ lójú rẹ̀, tàbí kí ẹ̀rín má pa á.

Ẹ wá padà sí Ọ̀fà. Abala 5 tí a kà yẹn, ọmọ ogun tiwa tó ń jáde lọ ló ń sọ. Ní ti ọmọ ogun ẹlòmíràn tí Ààrẹ bá pè wọlé wá ju ohun ìjà lé ilẹ̀ wa, kò sọ nǹkan kan. Ààrẹ tó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí ó tó rán ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Kútọnu lè dá nìkan pe ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà sí Sókótó. Ihò ńlá nìyí lára ògiri, gbogbo ewu tí a rí ní Èkó ní ọdún 1851 sì lè gba ibẹ̀ kọjá.

Àwọn tó ṣáájú wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba Balewa fẹ́ bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ààbò ní ọdún 1960, ó kéré tán wọ́n gbé e wá síwájú ilé aṣòfin. Ẹgbẹ́ Action Group ta kò ó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn wọ́ lọ sí Èkó láti fi ẹ̀hónú hàn. Ní oṣù kìíní ọdún 1962, ìjọba méjèèjì fagi lé àdéhùn náà. Ọmọ ọdún mélòó ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn? Ìwé ni wọ́n rí kà tí wọ́n fi mọ ohun tí wọn yóò kọ̀.

Sí ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ń jó, a gbọ́ yín, a sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń fi owó ìràpadà ránṣẹ́ sílé. A kò ní kí wọ́n da omi nù. A ní kí a mọ iye garawa tó wọlé, ọjọ́ tí ẹni tó pọn ọ́n yóò jáde, àti ẹni tí yóò sanwó bí garawa bá já lu ọmọ onílé lórí. Bí àfọ́kù yẹn bá já lu ilé ìtura yẹn gan-an, ta ni àwọn ará Ọ̀fà ì bá pè lẹ́jọ́?

Nítorí náà, a ti kọ lẹ́tà kan sí àwọn aṣòfin àgbà tó ń ṣojú àwọn ìpínlẹ̀ wa, láti Èkó dé Kwara àti Kogí. Ohun méjì ni a bèèrè: kí wọ́n tẹ àdéhùn tí Nàìjíríà bá Amẹ́ríkà ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde fún aráàlú, kí wọ́n sì ṣe àtúnṣe sí abala 5 kí ìyọ̀ǹda fún ọmọ ogun ilẹ̀ òkèèrè láti jà nínú Nàìjíríà máa gba iwájú wọn kọjá bí ti ọmọ ogun tiwa. Ẹ̀yin tí ẹ ti di ọmọ onílùú ní Amẹ́ríkà, ẹ kọ tiyín sí àwọn aṣòfin yín níbẹ̀. Owó orí yín ló ra ohun ìjà náà. Lẹ́tà náà yóò wà lórí tábìlì ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kí oúnjẹ tó dé. Alága wa ti sọ pé òun kò ní fọwọ́ sí i, pé òun yóò kọ èsì. A ti fi ojú ewé méjì sílẹ̀ dè é.